Kóòdù, Aṣọ Ẹbí, àti Òótọ́ Tó Kùtà

Ẹ fa àpótí súnmọ́ ibí, ṣùgbọ́n ẹ má pariwo, ògiri ilé yìí tín-ín-rín. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi kì í ṣe olófòófó. Ojú mi ló ń rí, etí mi ló ń gbọ́, ẹnu mi ni ò gbà kí iṣẹ́ àwọn méjèèjì já sí asán. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ yìí sọ níwájú, tí wọ́n bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ ní Ìyá Ẹlẹ́kọ kọ́ o. Ẹ ní Ìyá Ẹlẹ́kọ wà ní Òǹdó nígbà náà. Kì í sì í ṣe irọ́, mo lọ sí Òǹdó lóòótọ́. A óò dé ibẹ̀.

Ti Kóòdù ni mo fẹ́ sọ. Ṣé ẹ mọ Kóòdù? Ọmọ Ìyá Alátà, yàrá kẹta sí ilé ìdáná, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Agbolé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo iṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń kọ kóòdù lọ́wọ́." Ẹ ní kó bá yín pọnmi, kóòdù. Ẹ ní kó gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, kóòdù. FUTA ló ń lọ, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ wa yìí lọ́dún 1981. Ẹ má sì rò pé kọ̀ǹpútà ló ń kà níbẹ̀. Ẹja ni. Ẹja! Bí wọ́n ṣe ń sìn ín, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Ìyá ń ta ata, ọmọ ń kọ́ ẹja. Mo ní kí Ọlọ́run ṣáà bá wọn pèsè epo, ọbẹ̀ ti dé ná.

Àfi ìgbà tí ọmọ yìí ra láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan ni oorun bá kúrò lágbolé. Ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Bí wọ́n bá mú un wá lóru, àwa tórí wa pé á dìde lọ aṣọ, a óò ti omi bọ inú fìríìjì. Òun á ki wáyà láptọ́ọ̀pù bọ ara ògiri, á máa tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nígbà mìíràn á ké tòò, "Jésù!" Bọ̀dá Pásítọ̀ tó wà ní yàrá kejì á dáhùn láti ojú oorun, "Halelúyà!" Ó rò pé ọmọ ń gbàdúrà ni. Kò mọ̀ pé àmì kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní kólọ̀nù, ni ọmọ gbàgbé sẹ́yìn ọ̀rọ̀, tí kọ̀ǹpútà wá yarí mọ́ ọn lọ́wọ́.

Agbolé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin, láptọ́ọ̀pù, àárín òru: ẹ mọ ibi tí ọkàn ọmọ Nàìjíríà máa ń sáré lọ. Lánńdílọ́ọ̀dù pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ̀yin lojú agbolé yìí. Ṣé ọmọ yìí kò ti máa ṣe Yahoo, kó máa lu jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wádìí ẹ̀." Ṣé ẹ rí i báyìí, wọ́n rán mi ni. Mi ò dédé lọ fi etí lé ilẹ̀kùn ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Ó ń dá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Òótọ́ nìyí. Irọ́ nìyí. Òótọ́ nìyí. Kí ló wá dé tí èyí fi jẹ́ irọ́?" Háà! Mo ní ọmọ yìí ti ń kọ́ bí yóò ṣe dá ọlọ́pàá lóhùn. Mo gbé ẹ̀kọ méjì dání kí ẹsẹ̀ mi lè ní ìdí, mo kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ọmọ mi, ta lò ń bá ṣẹjọ́ lóru yìí?" Ó ní, "Ìyá, kọ̀ǹpútà ni."

Ó fi mí jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju nǹkan méjì lọ: iná wà, iná ò sí, òótọ́, irọ́. Gbogbo fọ́tò tí à ń wò, gbogbo orin, gbogbo owó tí à ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ló tò tì í tò tì í tó fi dà bẹ́ẹ̀. Ṣé owó tó wà lápò ẹni yìí tó iye tó fẹ́ fi ránṣẹ́? Bó bá jẹ́ òótọ́, yọ ọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, dá a padà. Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Boole, ọmọ oníbàtà ní ìlú Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ òótọ́ àti irọ́ di ìṣirò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1854, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan láyé. Mo ní ọmọ ta? Ó ní ọmọ oníbàtà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ọmọ Bàbá Ṣúmékà ẹ̀gbẹ́ gáréèjì dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ máa kí i. A kì í mọ̀.

Ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ yìí kò kúkú ṣàjèjì sí mi. Mo ti ṣe ìrìbọmi, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí ìyá mi, babaláwo ni, mo sì jókòó tì í rí. Lórí ìyẹ̀rósùn, àmì méjì péré ló máa ń tẹ̀: ẹyọ kan, tàbí méjì. Á tẹ mẹ́rin lọ́tùn-ún, á tẹ mẹ́rin lósì, odù á sì fojú hàn. Ojú odù jẹ́ 16. Bí ẹ bá fi 16 lu 16, ó di 256. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, Kóòdù gbé ojú sókè kúrò lórí láptọ́ọ̀pù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ìyá, mẹ́jọ yẹn gan-an ni à ń pè ní báìtì! 256 náà ni ọ̀nà tó lè gbà jáde." Mo ní ṣé o ti rí i? Ifá tí UNESCO kà mọ́ àwọn ìṣúra ayé lọ́dún 2005, ẹ̀yin lẹ rò pé eku àti ẹja nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé bàbá ìyá mi gbọ́ kóòdù. Mo ní kò gbọ́ kóòdù, ó kàn mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo tí èèyàn bá tẹ̀ sódì, odù mìíràn ló pè wálé yẹn. Ó sì ń gba adìyẹ lórí ẹ̀.

Mo wá bi í pé èdè wo gan-an lò ń bá a sọ? Ó ní Python. Mo fẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá, kì í ṣe ejò." Ó ní ọkùnrin ará Netherlands kan, Guido van Rossum, ló gbé e jáde lọ́dún 1991, orúkọ eré apanilẹ́rìn-ín kan tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi sọ ọ́. Java ńkọ́? Ó ní kọfí ni ìyẹn. Orúkọ igi ni wọ́n kọ́kọ́ fún un kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. JavaScript ńkọ́, ṣé àbúrò Java ni? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní wọn kì í ṣe ẹbí rárá. Java lorúkọ tó lóde lọ́dún 1995, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi orúkọ rẹ̀ kún ti èyí tí Brendan Eich ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tó fi ọjọ́ mẹ́wàá péré kọ ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ọjà lè tà. Mo ní ẹ ò rí ayé! Inú kọ̀ǹpútà tó ní òun ò mọ̀ ju òótọ́ àti irọ́ lọ náà, wọ́n tún ń yá orúkọ olórúkọ wọ ọjà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí. Nígbà tí Kóòdù bẹ̀rẹ̀, Python ni. Kó tó mọ̀ ọ́n tán, ó rí ọmọkùnrin kan lórí fóònù tó jókòó sínú mọ́tò olówó ńlá, tó ní JavaScript lowó wà. Ó ju Python nù. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní òmíràn tún ti dé, ó ju ìyẹn náà nù. Ó ra àga tí wọ́n ní àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń jókòó lé. Ó ra kíbọ́ọ̀dù tí iná ń tàn lábẹ́ ẹ̀. Ó lẹ orúkọ èdè tí kò gbọ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù. Èdè kọ̀ǹpútà wá di aṣọ ẹbí fún un: a kì í wọ ti èṣí lọ sóde, ẹni tí kò bá sì ra tuntun, wọn ò ní fún un ní ìrẹsì.

Ohun tó dùn mí jù ni ti olùkọ́ orí fóònù tó san owó fún. Ọkùnrin náà ní òun yóò sọ ẹnikẹ́ni di dẹfẹ́lọ́pà láàárín oṣù kan. Oṣù kan! Èmi tí mò ń ta ẹ̀kọ, oṣù kan kò tó láti mọ ìgbà tí ògì kan yẹ kó jinná. Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan dìde tí wọ́n pè ní 3MTT, lábẹ́ Mínísítà Bósún Tìjání, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù forúkọ sílẹ̀, kò ṣí i. freeCodeCamp wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2014, ọ̀fẹ́ ni, kò dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ṣe ọ̀gá ní Google, Peter Norvig, tó kọ àpilẹ̀kọ kan láti fi bú àwọn tó ń ṣèlérí pé èèyàn lè mọ èdè kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí 24. Ó ní ọdún mẹ́wàá ni kí èèyàn fọkàn sí. Kóòdù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi o. Mo ní, "O wá mọ̀ bẹ́ẹ̀, o tún lọ sanwó fún olóṣù kan?" Ó ní, "Ìyá, ta ló fẹ́ gbọ́ ọdún mẹ́wàá?"

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Àwọn àgbà ti rí ọmọ yìí kí ìyá ìyá rẹ̀ tó bí ìyá rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Òǹdó. Ìbátan ọkọ mi ń ṣe ìwúyè, a ní láti lọ. Ẹ sọ ohun tó wù yín nípa àwa ará Àkúrẹ́, a máa ń ṣe ayẹyẹ, ṣùgbọ́n Òǹdó Ekímọ̀gún ní tiwọn lọ́tọ̀. Ìlú tí ìtàn ní obìnrin ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, Púpùpú. Ìlú King Sunny Adé. Ẹ ò lè wọ aṣọ ṣákálá lọ síbẹ̀, wọn á ní ẹ ru ìkòkò kọjá sẹ́yìn ilé. Bí mo ṣe jókòó nínú mọ́tò, tí a kọjá Bọ́lọ́rundúró, mo ń ronú pé ọjà òyìnbó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà Òǹdó. Ní nǹkan bí ọdún 1870, nígbà tí ogun àti ìjà òwò dí ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá, Glover tó ń ṣàkóso Èkó ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn, tó gba Òǹdó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníwàásù gba ibẹ̀ dé, ọjà náà sì gba ibẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòkó wá, tó jẹ́ kí bàbá àgbẹ̀ lè san owó léèsì láìṣẹ́jú. Kòkó wà síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ra léèsì báyìí, oko wa dà?

Owó aṣọ ẹbí ọ̀hún, mi ò ní dárúkọ iye rẹ̀, kí ọkọ mi má baà gbọ́ níbí. Ẹ sáà mọ̀ pé mo jẹ ẹ̀kọ láìsí mọ́ínmọ́ín fún ìgbà díẹ̀. A jókòó, gbogbo wa ń dán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n owó, ṣùgbọ́n ojú ń wo ẹ̀yìn, torí òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, ní ẹni tó bá fọ́n náírà lójú agbo tàbí tó jó lé e lórí lè ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó tí kò dín ní ₦50,000, ìjọba sì ti ń mú un le lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ni Bàbá kan bá rọra ń ti owó bọ inú àpò olórin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Mo ní ẹ wò ó, ẹni tó ń ṣe oore ló ń ṣe ojú olè!

Àǹtí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ará agbolé wa níbí náà ni, a jọ lọ ni. Ẹ má bi mí ní yàrá tó ń gbé. Gèlè rẹ̀ ga, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ tò. Ibi tí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ni fóònù mi dún, pé ẹnìkan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo ṣí i. Fọ́tò Àǹtí ni mo rí, wọ́n kọ "ONÍGBÈSÈ" gàdàgbà sí i níwájú orí. Àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù ni. Ó yá owó fi ra léèsì, ọjọ́ pé, wọ́n wọ inú fóònù rẹ̀, wọ́n sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Lábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo yẹn, fóònù ń dún lọ́tùn-ún, fóònù ń dún lósì. Ìyàwó oníwúyè wo fóònù, ó wo Àǹtí. Onílù náà wo fóònù. Kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo tú àṣírí rẹ̀ o. Ẹ̀rọ ló tú u. Ìwà burúkú yìí pọ̀ débi pé àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, ṣe ìlànà fún àwọn ayánilówó orí fóònù lọ́dún 2022, ó sì ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ní Òǹdó, FCCPC kò sí lábẹ́ àtíbàbà. Àǹtí ní òun fẹ́ tọ̀, kò padà wá. Mo bá a gbé oúnjẹ rẹ̀ bọ̀ wálé nínú ọ̀rá. Ṣé kí n fi ṣòfò ni?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ Kóòdù lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Ìwọ tó ní kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju òótọ́ lọ, wo ohun tó ṣe fún Àǹtí." Ó dákẹ́. Ó ní, "Ìyá, mi ò sọ pé kì í purọ́ o." Mo ní kí ló túmọ̀ sí? Ó ní kí n dúró dìgbà tí Bàbá Mẹkáníìkì bá dé.

Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni, àfi tí ẹ bá kan owó. Ní àkókò yẹn, ó ti kó owó sínú òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, orúkọ rẹ̀ kò kàn yín. Lóròòwúrọ̀ ló máa ń gbé fóònù rẹ̀ yí agbolé ká: "Ẹ wò ó! Àná ni ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, òní ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlérúgba!" Gbogbo wa á ní, "Háà, Bàbá, ẹ má gbàgbé wa o." Ìyá Alátà gan-an ti ń tu owó èsúsú rẹ̀ láti fi wọlé. Ẹ sì rántí pé ojú wa ti rí èyí rí. MMM dé Nàìjíríà lọ́dún 2015, ó ní òun á fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó èèyàn lóṣooṣù. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2016, ó ti ilẹ̀kùn, àwọn èèyàn fi ọwọ́ lérán. Wọ́n sunkún tán. Àwọn kan nínú wọn ló tún wọ CBEX, tó dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Orúkọ ló ń yí padà, ẹkún náà kò yí padà.

Nígbà tí Bàbá Mẹkáníìkì dé, Kóòdù ní kó wá wo nǹkan. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù. Ó ní ọmọ Yorùbá kan, Anúolúwapọ̀ Karounwi, ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ YorLang, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá lèèyàn fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ kan sójú fún yín, "sọpé" lẹ máa kọ. Mo ní ó kú iṣẹ́, ọmọ náà káre. Kóòdù kọ ọ́ lójú wa báyìí: sọpé "Owó Bàbá Mẹkáníìkì ti di mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà." Ó tẹ bọ́tìnnì kan. Kọ̀ǹpútà gbé e jáde gbàgàdà: Owó Bàbá Mẹkáníìkì ti di mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà.

Bàbá Mẹkáníìkì ní, "Níbo ló wà?"

Kóòdù ní, "Ibi tí ẹ ti ń rí i yẹn náà ló wà, Bàbá. Ojú kọ̀ǹpútà. Mo ní kó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́. Ẹni tó ni áàpù yín náà ní kí tiyín máa sọ ọ́ láràárọ̀."

Agbolé dákẹ́ rọ́rọ́. Àní adìyẹ lánńdílọ́ọ̀dù dákẹ́. Kóòdù tún ṣe nǹkan mìíràn. Ó yọ àmì kékeré kan kúrò nínú gbólóhùn náà, ó tún tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà yarí, kò sọ nǹkan kan mọ́, àfi ìgbà tí ó dá àmì náà padà. Ó ní, "Ẹ rí i báyìí? Àmì tó bá sọnù, kò ní gbà. Irọ́ tí àmì rẹ̀ bá pé, kò ní bi yín léèrè kankan." Mo ń sọ fún yín, ìwàásù ti wọ inú mi rí, ṣùgbọ́n èyí wọ egungun. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ń bá kọ̀ǹpútà jà lé lórí lóru, ti pé ṣé òótọ́ nìyí tàbí irọ́, ti inú ìṣirò lásán ni. Ṣé èyí ju ìyẹn lọ? Ṣé nọ́ńbà yìí bá ti ìjẹta mu? Ẹ̀rọ mọ ìyẹn dájú. Bóyá owó wà nílé ìfowópamọ́ ní tòótọ́, bóyá ẹni tó ní ó wà wà níbi tó ní òun wà, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Èèyàn ló máa lọ wò ó. Áàpù tó dójú ti Àǹtí ní Òǹdó náà, ọmọ ẹnìkan ló jókòó lóru tó kọ ọ́, tí kò gbàgbé kólọ̀nù kan ṣoṣo.

Bàbá Mẹkáníìkì gbìyànjú láti yọ owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sanwó kún un kí ọ̀nà tó ṣí. Ẹ̀yin náà ti mọ ìyókù. Ìyá Alátà sáré lọ dá owó èsúsú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ alájọ, ó sì fún mi ní tàtàṣé ọ̀fẹ́, pé èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ náà wá. Òfófó, òfófó, ẹ ti rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má tíì dìde, ó ku kínní kan. Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ dé bá Kóòdù. Obìnrin kan tó ń ta léèsì ní Yába, l'Óǹdó, fẹ́ kó bá òun ṣe ojú ìtajà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó gidi ni. Kóòdù ṣe é, ó rẹwà. Obìnrin náà wò ó, ó ní ó ku nǹkan kan: kó fi àkọlé pupa síbẹ̀ tí yóò máa ní, "Ó ku mẹ́ta péré! Èèyàn mẹ́rìndínlógójì ló ń wo aṣọ yìí lọ́wọ́!" Kóòdù ní ṣé kí òun jẹ́ kó máa ka iye aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù? Obìnrin náà ní rárá o, kó ṣáà máa sọ pé ó ku mẹ́ta. Bí wọ́n bá ra ọgbọ̀n, kó ku mẹ́ta. Bí wọn ò bá ra rárá, kó ku mẹ́ta.

Ọmọ gbé ọ̀rọ̀ wálé. Agbolé jókòó lé e lórí, ẹ kúkú mọ̀ wá. Bọ̀dá Pásítọ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lánńdílọ́ọ̀dù bi í pé ṣé owó yẹn lè san owó ilé tó jẹ sílẹ̀. Ìyá Alátà ní, "Ọmọ mi, ṣe é fún un! Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà?" Gbogbo wa wo Ìyá Alátà. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo sì jẹ tàtàṣé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo kóńgò tó fi ń wọn ata gbígbẹ ní Ọjà Ọba, kí ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ nínú. Wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, àmọ́ tirẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ mọ̀. Kóòdù wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, kóńgò yín ni wọ́n ní kí n lọ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yẹn." Ìyá Alátà dìde, ó ní òun fẹ́ ro ọbẹ̀. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Ó lọ bá obìnrin náà, ó ní òun lè ṣe èyí tí yóò máa ka aṣọ bó ṣe wà gan-an. Obìnrin náà ní ó ṣeun, ó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Òótọ́ kùtà, ẹ ò rí i? Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀run ṣí lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń ṣe báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn olùsìn ẹja ní ìhà FUTA ló ti rí i: Python àtijọ́ tó jù nù ló gbé padà, ó fi ń bá wọn ṣe ìwé owó oúnjẹ ẹja, iye tí wọ́n rà, iye tí ẹja jẹ, iye tó kú. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù oníná ti kú, kò ra òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn máa ń padà wá, torí ẹja tó kú kú ni, kò sí àkọlé pupa tó lè jí i.

Ìyá Alátà náà pààrọ̀ kóńgò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹnu mi sọ ọ́ o, ẹ má lọ máa fi bú u.

Èmi ò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Kó mú ẹyọ kan, kó dì í mú ṣinṣin, kó sì gbà pé ọdún ló máa gbà. Léèsì tí ẹ ò lówó rẹ̀, ẹ má yá owó fóònù rà á, ẹ wá jókòó tì mí pẹ̀lú ti èṣí. Bí fóònù bá sì sọ fún yín pé owó yín ti bímọ lóru, ẹ má bi í pé mélòó. Ẹ bi í pé ta ni bàbá ọmọ, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ tí owó náà ṣe hàn yín. Bí wọn ò bá lè fi hàn, ẹ gbé owó yín sílé. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí owó bá ti lọ ni òfin máa ń dé.

Ó tó báyìí, ẹ̀kọ mi ti ń tutù. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó mú owó wá. Ó ku púpọ̀, kò ku mẹ́ta.